Ìbọ̀wọ́ Tí Kò Gbọ̀n Mọ́

“Ìbọ̀wọ́ rẹ yẹn ti gbọ́n báyìí o,” ni Bàbá wí. Ó ń bu omi sójú lẹ́bàá ẹ̀rọ omi ní ẹ̀yìnkùlé. “Láti Ọjọ́rú tó o ti tún un ṣe, kò dà mí láàmú mọ́. Ó kàn jókòó jẹ́ẹ́ sí mi lọ́wọ́. Ìwọ ì bá wá wo bí mo ṣe la igi lánàá, bí ẹni ń gé ọṣẹ.”

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń ṣa aṣọ tó fẹ́ fọ̀ jọ. Ó dúró, ṣòkòtò iṣẹ́ bàbá rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Kò gbọ̀n rárá?”

“Rárá.”

“Bẹ́ẹ̀ ẹ sì ń sún mọ́ ayùn?”

Bàbá rẹ́rìn-ín. “Ìyá mi, iṣẹ́ igi wo lèèyàn ń ṣe tí kò ní sún mọ́ ayùn? Ṣé ẹnu géètì ni kí n ti máa la á ni?”

Ìyá mi ló máa ń pè é, nítorí ó jọ ìyá tó bí òun. Níbi iṣẹ́, Afínjú ni wọ́n ń pè é, orúkọ náà sì bá a mu. Kò sí eruku tó lè bà sórí tábìlì rẹ̀ kó pẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀rín táwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń rín ni pé bí Afínjú bá wọ ọ̀run, yóò kọ́kọ́ béèrè ìgbálẹ̀.

“Ẹ mú ọwọ́ yín wá,” ló wí.

Bàbá nu ọwọ́ nù, ó sì na ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá síwájú. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Afínjú nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ eré yìí. Bí Bàbá bá ti ilé ìlagi dé nírọ̀lẹ́, wọn ò ní fọwọ́ kan oúnjẹ títí ọmọ yóò fi ka ìka bàbá rẹ̀ láti ení dé ẹ̀wá. Ìyá rẹ̀ ló dá a sílẹ̀ nítorí ẹ̀rù ayùn. Ìyá kú, eré ò kú. Ọgbọ̀n ọdún rèé, ìka Bàbá ò dín kan, nínú iṣẹ́ tó jẹ́ pé bí o bá bọ agégi lọ́wọ́ o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo ohun tó ṣẹ́ kù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe Bàbá ní Ìkapé.

Ṣùgbọ́n láti Ọjọ́rú, Afínjú ò tíì kà á. Iṣẹ́ ti há a mọ́ ṣọ́ọ̀bù. Kó tó dé, Bàbá ti sùn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà báyìí. Ó kà á dé ẹ̀wá, ìka pé. Ṣùgbọ́n ṣóńṣó èékánná ọmọńdinrín òsì ti lọ, ojú ibẹ̀ sì gún régé.

“Kí ló ṣe èyí?”

“Igi ló họ mí.”

“Igi kì í họ èèyàn báyìí, Bàbá.”

“Ó dára. Ìwọ tó o mọ igi jù mí lọ.” Ó fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, ó sì wọlé. Èjìká rẹ̀ gbá férémù ilẹ̀kùn bó ti ń wọlé. Ó ṣépè fún ilẹ̀kùn.

Afínjú lọ wo báàgì tí Bàbá fi ń gbé ohun èlò náà wálé láti gba iná. Awò àdèmọ́rí ńlá wà níbẹ̀, ìbọ̀wọ́ náà sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ó yẹ ìbọ̀wọ́ wò. Wọ́n ti fi òwú funfun rán orí ọmọńdinrín rẹ̀, ìránkúràn-án. Ohun tó gé èékánná ló gé aṣọ ìbọ̀wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú iṣẹ́ tó ń ṣe. Yàrá méjì ni ṣọ́ọ̀bù wọn, lórí òkè ibi tí wọ́n ti ń tún fíríìjì ṣe. Wọn kì í ṣe awò àdèmọ́rí fúnra rẹ̀, ilé iṣẹ́ ńlá kan níbòmíì ló ń ṣe é. Ohun tó ń bá awò rìn ni tiwọn: okùn ìdìmọ́rí, ìdérí, ọ̀pá ìtọ́ka, àti ìbọ̀wọ́ yìí. Ẹni tó bá dé awò náà ò kúrò níbi tó wà. Ó ń rí yàrá tó wà, ó ń rí tábìlì, ó ń rí ọwọ́ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà iwájú awò ló ń bá a rí i, awò á sì fi nǹkan tirẹ̀ kún un. Ní ilé ìlagi, ohun tí awò ń fi kún un ni ìlà kan tó yí ayùn ká nínú afẹ́fẹ́. Bí ọwọ́ bá jìnnà, ìlà á ní àwọ̀ ewé. Bí ọwọ́ bá sún mọ́ ọn jù, ìlà á di pupa, ìbọ̀wọ́ á sì gbọ̀n jìgìjìgì.

Iná kéékèèké méje tó wà lẹ́yìn ìbọ̀wọ́ ni awò fi ń mọ ibi tí ọwọ́ wà. Ilé ìlagi kì í ṣe pálọ̀. Lẹ́búlẹ́búù igi ń fò kiri níbẹ̀, ó sì ń bo àwọn iná náà. Bí awò bá ti sọ ọwọ́ nù, ìlà á máa ṣẹ́jú, ìbọ̀wọ́ á máa gbọ̀n láìnídìí. Ìyá Onípákó, obìnrin tó ni ilé ìlagi, ti pariwo: “Ìbọ̀wọ́ yín ń gbọ̀n bí ẹni ibà ń ṣe!” Ọ̀gá Afínjú ní kó wá nǹkan ṣe sí i kíákíá, nítorí lọ́jọ́ Ajé àwọn tó ni ilé ìlagi mẹ́rin mìíràn ń bọ̀ wá wò ó.

Afínjú náà ò fẹ́ràn ìlà tó ń ṣẹ́jú. Ó ń yọ ọ́ lẹ́nu bí àwòrán tó wọ́ lára ògiri. Ó jókòó, ó kọ ìlà àṣẹ kan ṣoṣo kún ètò kọ̀ǹpútà tó ń darí rẹ̀: bí o bá sọ iná nù, gbà pé ọwọ́ ṣì wà níbi tí o ti rí i kẹ́yìn. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, gbogbo rẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Ó rẹwà. Ó dán an wò lórí tábìlì rẹ̀ nígbà ogún, níwájú ayùn tí wọ́n fi páálí gé tí wọ́n sì so mọ́ mọ́tò fáànù. Kò sí eruku bíńtín lórí tábìlì yẹn. Ta ló máa gbé eruku wọ ibi tí Afínjú wà?

Ó gbé báàgì náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta náà. Ó mú ṣòkòtò iṣẹ́ Bàbá dání. Nígbà tó débẹ̀, ó tẹ́ ìwé ìròyìn sórí tábìlì, ó yí àpò ṣòkòtò náà síta, ó sì gbọn lẹ́búlẹ́búù igi tó wà níbẹ̀ sórí ìwé. Ó dé awò, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó tan ayùn páálí. Ìlà yí i ká, ó ní àwọ̀ ewé. Awò ya àwòrán ọwọ́ sórí ọwọ́ rẹ̀, ó bá a mu dọ́gba.

Ó bu lẹ́búlẹ́búù, ó wọ́n ọn sẹ́yìn ìbọ̀wọ́. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọwọ́ síwájú, díẹ̀díẹ̀.

Àwòrán ọwọ́ náà ò tẹ̀ lé e. Ó dúró sẹ́yìn, ìka nínà, nígbà tí ọwọ́ Afínjú gan-an ń lọ. Ìlà ò yí padà. Ìbọ̀wọ́ ò mira. Ọwọ́ kan wà nínú ewu, ọwọ́ kejì ló ń jẹ́rìí pé kò séwu. Páálí gbá a ní oríkèé ìka, pàà!

“Yéè!” ló ké, kì í ṣe nítorí ìrora. Páálí ni, ayùn kọ́.

Ọ̀gá rẹ̀ wọlé bá a níbẹ̀. Ọkùnrin ọlọ́yàyà ni, ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rín ti ọ̀rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. “Háà! Èrúnrún lórí tábìlì Afínjú? Ayé ti ń parí lọ!”

Afínjú ò rẹ́rìn-ín. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i kí ọ̀gá lè fojú ara rẹ̀ rí i. Ọ̀gá wo ayùn páálí náà.

“Ó dáa,” ló wí. “A máa tún un ṣe. Lẹ́yìn ọjọ́ Ajé.”

“Ọ̀gá, ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa lò ó.”

“Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n máa lò ó. Tó o bá dá a padà sí ti tẹ́lẹ̀, á máa gbọ̀n níwájú àlejò, iṣẹ́ ọdún méjì á wọmi. Ṣé ó ti gé ẹnikẹ́ni?”

“Ó ti gé èékánná bàbá mi.”

“Èékánná á hù.” Ó rí ojú rẹ̀, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. “Má bínú. Gbọ́, inú ìwé tó wà nínú páálí rẹ̀ la kọ ọ́ sí pé kí ẹni tó ń lò ó máa fojú ara rẹ̀ wò pẹ̀lú. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Bàbá Ìkapé mọ ibi tí ayùn wà lójú oorun. Fọkàn balẹ̀.”

Ó jáde. Afínjú fẹ́ fọkàn balẹ̀. Ó so awò mọ́ kọ̀ǹpútà kó lè wo ohun tí awò ká sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ náà, bóyá yóò rí ibi tí èékánná yẹn ti lọ.

Ohun tó kọ́kọ́ rí yà á lẹ́nu. Gbogbo nǹkan tóbi. Ẹnì kan ti tẹ bọ́tìnì tó ń sọ nǹkan di ńlá títí ó fi dé òpin, ó sì ti gbé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sókè títí igi fi funfun báláú. Kò sẹ́ni tí í ṣe bẹ́ẹ̀, orí á máa fọ́ olúwarẹ̀. Ó tún wo ti Ọjọ́bọ̀. Ní agogo mọ́kànlá ku díẹ̀, Bàbá bọ́ awò lórí, ó gbé e lé orí pákó kó lè nu òógùn. Kámẹ́rà ò kú. Ó kọjú sí Bàbá.

Aṣọ ìnujú wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀, aṣọ pupa, kò jìnnà sí i ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Bàbá ń wá a. Ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra tábìlì kiri bí ẹni tí owó ẹyọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú iyanrìn, lápá òsì, lápá ọ̀tún. Ayùn ṣì ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ òsì rẹ̀ rá lọ síbẹ̀, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ eyín ayùn, ó sì padà. Kò mọ̀ pé òun kọjá níbẹ̀.

Afínjú pa kọ̀ǹpútà. Ó jókòó síbẹ̀, ó di ọwọ́ ara rẹ̀ mú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ó bá Bàbá lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ló bá sọ ọ́ bó ṣe rí.

“Bàbá, ẹ ò ríran.”

Bàbá ò mira.

“Ta ló sọ fún ọ?”

“Awò ló sọ fún mi.”

“Hẹn-ẹn.” Ó fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n. “Mi ò mọ̀ pé ó lẹ́nu.”

“Láti ìgbà wo?”

“Ó ti tó ọdún kan. Kò tíì ṣú pátápátá. Bí èéfín ló rí, bí ẹni wà nínú èéfín tí kò tán.” Ó yíjú sí ibi tí ohùn rẹ̀ ti ń wá. “Mo ti fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, Ìyá mi, òótọ́ ni mo wí fún ọ. Ìgbà náà lo gbé awò rẹ dé. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé e, mo rí ojú igi. Mo rí àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ inú igi, èyí tí mi ò rí láti ọjọ́ yìí. Mo sunkún nínú awò yẹn. Ó dáa tó fi bo ojú mi, kò sẹ́ni tó mọ̀.”

Omi bọ́ lójú Afínjú. Ó nù ún kíá, bí ẹni pé Bàbá lè rí i.

“Awò ń jẹ́ kẹ́ ẹ ríran, Bàbá, ṣùgbọ́n ìbọ̀wọ́ ń parọ́ fún yín. Èmi ni mo kọ́ ọ. Bí lẹ́búlẹ́búù igi bá ti bo iná rẹ̀, kò mọ ibi tí ọwọ́ yín wà mọ́, ó kàn ń díbọ́n ni. Ìyẹn ló gé èékánná yín.”

“Tún un ṣe nígbà náà.”

“Bí mo bá tún un ṣe, á máa gbọ̀n láti àárọ̀ dalẹ́.”

“Màá bọ́ ọ sọnù, kí n máa lo awò nìkan.”

“Tí lẹ́búlẹ́búù bá bo ojú awò ńkọ́?”

Bàbá yíjú sápá kan.

“Ẹ jẹ́ ká lọ rí dókítà ojú lọ́la. Wọ́n lè ṣe é, Bàbá. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n ń ṣe é fún.”

“Lọ́la tí àlejò ń bọ̀?” Ohùn rẹ̀ le. “Tí Ìyá Onípákó bá gbọ́ pé mo wọlé dókítà ojú, géètì ni o. Àga kan, àti ìwé táwọn àlejò ń kọ orúkọ sí. Kí n máa ṣí géètì fún àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́? Kí wọ́n máa wí pé, ‘Ìkapé, ẹ ṣí i o’?” Ó na ọwọ́ jáde títí ó fi kan orúnkún ọmọ rẹ̀. “Bo àṣírí mi. Mi ò tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ rí.”

Òótọ́ ni, kò tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Bí Afínjú bá fi awò sílẹ̀ fún un, irọ́ ni yóò gé e lọ́wọ́. Bó bá gbà á, òkùnkùn ni. Bó bá sì sọ̀rọ̀, ìtìjú ni. Nígbà tí Bàbá wọlé, ó ṣí kọ̀ǹpútà, ó pa ìlà àṣẹ kan ṣoṣo yẹn rẹ́. Ìwọ̀n ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ká nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ajé, àlejò mẹ́rin dúró sí ilé ìlagi, wọ́n fi áńkáṣíìfù bo imú. Ọ̀gá Afínjú ń ṣàlàyé, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fọwọ́ juwe. Ìyá Onípákó ká apá gbera níwájú wọn.

“Bàbá Ìkapé, ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i,” ló wí.

Bàbá dé awò, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó tan ayùn. Lẹ́búlẹ́búù igi bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí ìbọ̀wọ́ fi mú gbígbọ̀n, jìgìjìgì, jìgìjìgì, láìdáwọ́ dúró.

“Ó tún ti bẹ̀rẹ̀,” ni Ìyá Onípákó wí.

Ọ̀gá yíjú sí Afínjú. Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. “Kí lo ṣe?” ló bi í lábẹ́ èémí. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò ti ń wo aago ọwọ́ rẹ̀.

Bàbá dúró, ìbọ̀wọ́ ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bọ́ ọ, ó kì í bọ àpò. Ó fi ìka nu iwájú awò, lẹ́búlẹ́búù tó bò ó sì tún tàn ká a. Ló bá gbé awò náà sókè sí iwájú orí rẹ̀, ó yíjú sí àwọn àlejò.

“Ẹ má mikàn,” ló wí pẹ̀lú ẹ̀rín. “A ti ń la igi kí awò tó dáyé.”

Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín. Bàbá yí padà sí tábìlì, ó na ọwọ́ òsì jáde, ó ń wá etí pákó. Ọwọ́ náà rìn lórí tábìlì bó ti rìn nínú kọ̀ǹpútà.

Afínjú ò mọ ìgbà tó kọjá láàárín àwọn àlejò. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá bọ́tìnì pupa ara ẹ̀rọ náà. Iná kú, ṣùgbọ́n ayùn kì í dúró lójú ẹsẹ̀. Ó ń yí lọ, ariwo rẹ̀ ń rẹlẹ̀, ọwọ́ Bàbá sì wà níbẹ̀ ní ìwọ̀n ìka méjì sí i. Afínjú di ọrùn ọwọ́ náà mú. Kò jọ̀wọ́ rẹ̀ títí eyín ayùn fi ṣeé kà.

“Kí ló dé?” ni Ìyá Onípákó wí.

“Ìbọ̀wọ́ yẹn ò dáa,” ni Afínjú wí. “Èmi ni mo bà á jẹ́. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ wa. Bàbá mi ò sì ríran mọ́.”

Bàbá já ọwọ́ rẹ̀ gbà, ó fi tìbínú-tìbínú kúrò nídìí tábìlì, ó yí padà lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni ń wá ọ̀nà.

“Irọ́ ni!” ló wí. “Ọgbọ̀n ọdún! Ìka mi pé! Kà á, Ìyá mi. Kà á kí gbogbo wọn gbọ́!”

Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó ya ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ọ̀gá ni àwọn ìka náà kọjú sí. Ọ̀gá wo ọwọ́ náà, ó wo Afínjú tó dúró lẹ́yìn Bàbá, ó sì rìn sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Bàbá ṣì na ọwọ́ sí àyè tó ṣófo náà, ó ń dúró dè é.

Afínjú rìn yí i ká, ó lọ dúró síbi tó kọjú sí. Ó fọwọ́ kan àtàǹpàkò.

“Ení,” ló wí. “Èjì. Ẹ̀ta.”

Ó ń kà á lọ, kò sáré. Lẹ́búlẹ́búù igi ń rọra bà lé wọn lórí. Nígbà tó kan ọmọńdinrín tí ṣóńṣó èékánná rẹ̀ ti lọ, Bàbá fẹ́ fa ọwọ́ sẹ́yìn, kò jẹ́ kó fà á.

“Ẹ̀wá.”

“Ó pé?” Ohùn Bàbá ti kéré.

“Ó pé, Bàbá.” Ó bá a bọ́ awò kúrò lórí, ó gbé e fún ọ̀gá rẹ̀ láìwo ojú rẹ̀. “Ẹ jẹ́ ká máa lọ kó tó dín.”